Ṣé kí n ra ìnṣọ́ránsì fún ajá mi? Ìrírí tèmi rèé

Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mi ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ búlúù kékeré kan báyìí, ẹsẹ̀ kan péré, a wá a wá a, a ò rí i, a tiẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀, àfi bí Jagun, ajá mi, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ọjọ́ kìíní tó bì, mo ní nǹkan tó jẹ ni ò bá a lára mu, ọjọ́ kejì kò jẹun mọ́, tó bá fẹnu kan omi báyìí á tún bì í jáde, nígbà tó fi máa di alẹ́ ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, ìrù ẹ̀ ò mì. Ajá tó jẹ́ pé tí mo bá kàn wúkọ́ lásán, ìrù ẹ̀ á ti máa na ògiri.

Dókítà ẹranko tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn, obìnrin kan tó kéré sí mi dáadáa, ó tẹ ikùn ẹ̀, ó ya ẹ́síréè, ó tún fi ẹ̀rọ skáànù wò ó, ó wá ní ìfun ti dí, nǹkan kan ló há síbẹ̀, tí wọn ò bá tètè ṣí i, ibi tí nǹkan ọ̀hún há sí yẹn máa kú, á sì dá lu, ìdọ̀tí inú ìfun á wá dà sínú ikùn. Ó wọlé lọ, ó mú bébà kan jáde, iye tó máa ná mi ló wà níbẹ̀, láti orí oògùn oorun títí dé iye ọjọ́ tí ajá máa fi sùn sọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ fara balẹ̀ kà á, mà. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, a máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò fọwọ́ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo jókòó, mo ń ṣírò. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń ro iye tó wà ní àkáǹtì, mo ń ro owó ilé ìwé, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọjọ́ orí Jagun, pé ó ti lo ọdún mélòó, ó ku mélòó, ṣé iye tó kù yẹn tó iye tó wà lórí bébà yìí. Dókítà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń fọwọ́ pa á lórí. Nígbà tó yá mo fọwọ́ sí i, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fi ọ̀rá dì í fún mi bíi pé mo fẹ́ lọ fọ̀ ọ́. Jagun yè. Oṣù mẹ́rìnlá la fi san gbèsè yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbèsè yẹn ló ń dùn mí títí dòní, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni.

Ohun tó mú kí n sáré lọ ra ìnṣọ́ránsì nìyẹn, pé kí n máa san iye kan fún ilé iṣẹ́ kan lóṣooṣù, kí wọ́n lè bá mi dá sí owó dókítà tí nǹkan bá ṣe ajá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, ekòló gan-an á máa lé e sá. Tìbínútìbínú ni mo fi rà á, mi ò ka ìwé wọn dé ìdajì, mo kàn rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn máa san 80% owó ìtọ́jú, mo ní ó tó, mo tẹ "mo gbà". Àwọn yẹn náà ò kúkú fi nǹkan pa mọ́ fún mi, wọ́n kọ̀wé pé torí ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ò ní dá sí ohunkóhun tó bá kan ìfun Jagun. Mo ní kò burú, ìfun ti lọ, ó ku gbogbo ara yòókù.

Oṣù kọkànlá lẹ́yìn ẹ̀, Jagun ń lé bọ́ọ̀lù, ó yíra padà lójijì, ó han lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta bọ̀ wá bá mi. Okùn iṣan kan wà nínú orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá, òun ló di egungun itan àti egungun ojúgun mú kí ti ìsàlẹ̀ má baà máa yọ̀ síwájú, òun ló já. Ó wọ́pọ̀ lára ajá gan-an, iṣẹ́ abẹ ẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré, nígbà míì wọ́n á gé egungun, wọ́n á tún fi irin tò ó. Dókítà gbé bébà wá bíi ti ìjọ́sí. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò tiẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ níbi tí àròpọ̀ wà, mo ní, "Dókítà, ẹ máa ṣe é lọ jàre, a ti ní ìnṣọ́ránsì." Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ohun àkọ́kọ́ tí mi ò mọ̀ ni pé èmi ni màá kọ́kọ́ san gbogbo owó náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bá dókítà da owó pọ̀, ẹ̀yin lẹ máa san, ẹ máa gba rìsíìtì, ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á wá dá apá tiwọn padà fún yín tó bá yá. Àwọn kan wà tó máa ń sanwó fún dókítà tààrà o, ṣùgbọ́n mi ò béèrè, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mo tún yá owó.

Èkejì ló wá pa mí lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí fáìlì Jagun láti ọ̀dọ̀ gbogbo dókítà tó ti fọwọ́ kàn án rí láti kékeré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ímeèlì wọlé. Wọn ò san. Wọ́n fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ mọ́ ọn, wọ́n fi yẹ́lò kun ìlà kan níbẹ̀: "Alájá ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì máa ń le díẹ̀ láàárọ̀ nígbà míì."

Mo ka ìlà yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹnu mi ló ti jáde. Ọjọ́ kan tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, tó ọdún méjì kó tó di pé mo ra ìnṣọ́ránsì rárá, dókítà béèrè pé ṣé kò sí nǹkan míì, èmi náà kúkú mọ ọ̀rọ̀ í sọ, mo ní ó dà bíi pé ẹsẹ̀ yìí máa ń le tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó tẹ orúnkún ẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀, a lọ sílé. Kò sí àyẹ̀wò, kò sí oògùn. Ìlà kan péré yẹn ni wọ́n gbé dúró pé àìsàn tó ti wà nílẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni. Wọ́n tún wá fi èènì lé e: níwọ̀n ìgbà tí orúnkún òsì ti wà nílẹ̀, orúnkún ọ̀tún náà ti jáde nínú ohun tí àwọn máa sanwó lé lórí. Mo ní kí ni orúnkún ọ̀tún wá ṣe báyìí?

Ìgbà tí ara mi wálẹ̀ ni dókítà tó wá sọ ọ́ yé mi. Ajá tí okùn orúnkún kan bá já, bíi ìdajì wọn ni ti ẹsẹ̀ kejì náà máa já tó bá yá, torí náà àwọn onínṣọ́ránsì ti mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́nà. Ó sì wà nínú ìwé tí mo tẹ "mo gbà" sí, ojú ìwé kẹtàdínlógún. Mo padà lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀ rẹrẹ.

Àwọn kan ní èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù, kí n máa pẹnu mọ́ níwájú dókítà. Mi ò gbà. Dókítà tí mo bá ń fi nǹkan pa mọ́ fún, kí ló fẹ́ fi wo ajá mi? Àṣìṣe mi ni pé ìgbà tí nǹkan ti ṣe Jagun ni mo lọ rà á, ìgbà tí ìlà kankan ò tíì sí nínú fáìlì ẹ̀ ló yẹ kí n ti rà á. Tó bá jẹ́ ajá tó ti dàgbà lẹ ní, ẹ ní kí wọ́n ka fáìlì yẹn látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ní san fún yín sílẹ̀, àwọn kan máa ń ṣe é tẹ́ ẹ bá béèrè. Kó má lọ jẹ́ ọjọ́ tí ajá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Mo fagi lé ti Jagun. Mo ṣí àkáǹtì kan sórí fóònù, mo pè é ní "Jagun", iye tí mò ń san fún àwọn yẹn lóṣooṣù ni mo ń jù síbẹ̀.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn la wá gba Òwú. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, funfun báláú, àmúlùmálà ni, kò sẹ́ni tó lè sọ irú ajá tó jẹ́ gan-an. Bó ṣe wọlé báyìí ni mo tún ti dé ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì, ọkọ mi bá gbé síbí tó ń jẹ́ sílẹ̀.

"Ìyá Ṣeun, àwọn tó fojú wa rí màbo níjọ́sí lo tún fẹ́ gbé owó lọ fún?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pé ajá fẹ́ ní ìnṣọ́ránsì, òun fúnra òun ò ní. Mo ní, "Bàbá Ṣeun, ẹ má rẹ́rìn-ín o, láti 1924 ni wọ́n ti ń ṣe é fún ajá ní Swídìn. Ní Amẹ́ríkà, ajá inú tẹlifíṣọ̀n yẹn, Lassie, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀, ní 1982."

Ó ní, "Lassie ń gbowó iṣẹ́. Kí ni Òwú ń gbà?"

Ẹ má dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn ẹ̀ lágbára. Ó ní ká máa kó owó yẹn sí àkáǹtì bíi ti Jagun, tí nǹkan kan ò bá ṣe ajá, owó wa ni, tí nǹkan bá ṣe é, ká fi tọ́jú ẹ̀, kò sí ẹni tó máa fi yẹ́lò kun nǹkan kan. Ó ní èèyàn tó máa san owó fún wọn ju iye tó máa gbà padà ló pọ̀ jù, àbí ibo ni wọ́n ti ń rí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn? Òótọ́ sì ni, mi ò lè bá a jiyàn. Mo kàn ní àìsàn kì í wo àkáǹtì kó tó dé. Tí Òwú bá gbé nǹkan mì ní oṣù kẹta, owó oṣù mẹ́ta la máa bá níbẹ̀. Mo ṣírò ìbọ̀sẹ̀ yẹn fún un, ká ní bí owó ìnṣọ́ránsì ṣe rí la fi ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀, ó máa gbà wá ju ọdún mẹ́ta lọ ká tó kó iye yẹn jọ.

Ó ṣì ń mirí. Ìgbà yẹn ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn fún un. Mi ò tíì sọ ọ́ fún un rí, ó rò pé wọ́n kàn gbé bébà wá ni mo fọwọ́ sí i. Mo ní, Bàbá Ṣeun, mo jókòó níbẹ̀, ajá ń wò mí, mo sì ń ṣírò bóyá kí n jẹ́ kó kú. Kì í ṣe pé kò ṣeé wò sàn. Dókítà ti ní ó ṣeé wò.

Ó dákẹ́. Ó gbé síbí ẹ̀ padà, ó ń fi rọra ro nǹkan inú abọ́. Ó ní, "Iye wo ni wọ́n máa kọ síbẹ̀ tó jẹ́ pé a ò ní lè san án?"

Ìbéèrè yẹn ló tán ọ̀rọ̀ fún wa. Látìgbà yẹn tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé kóun rà á, mi ò kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè Bàbá Ṣeun. Ẹni tó bá lè san èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbé síwájú ẹ̀, tí kò ní ronú ẹ̀ẹ̀mejì, kí ló fẹ́ fi ìnṣọ́ránsì ṣe? Ẹni tí bíìlì kékeré ló ń dà láàmú náà, ìnṣọ́ránsì ò ní ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, torí wọn kì í sábà san bíìlì kékeré.

A wá jókòó ti ìwé, lọ́tẹ̀ yìí a kà á, àwa méjèèjì, pẹ̀lú bírò. Ẹ wò ó, ìṣirò tó wà nínú nǹkan yìí pọ̀. Ká ní bíìlì jẹ́ 1,000. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fara gbá iye kan, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní deductible, ká ní 200, wọ́n sì ní àwọn máa san 80%. Ó yẹ kó rọrùn, àbí? Tí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ 200 kúrò, ó ku 800, 80% ẹ̀ jẹ́ 640. Ṣùgbọ́n àwọn míì á kọ́kọ́ mú 80% ti 1,000 kí wọ́n tó yọ 200, ìyẹn wá di 600. Ohun kan náà ni wọ́n polówó. Deductible yẹn tún wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó tún wà tó jẹ́ pé gbogbo àìsàn tuntun ló ní tiẹ̀, tí etí bá dun ajá lónìí tí inú run ún lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa fara gbá a.

Èyí tó ní deductible gíga la mú, tí iye tí wọ́n lè san lọ́dún kan sì ga gan-an, torí ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá là ń bẹ̀rù. Ti abẹ́rẹ́ àti ìwẹ̀ eyín tí wọ́n ní ká fi kún un, a ò gbà. Mo ro ó títí, iye tí wọ́n fẹ́ gbà àti iye tí wọ́n fẹ́ dá padà ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, wọ́n kàn fẹ́ bá mi tọ́jú owó ara mi ni. Mo fóònù wọn, mo bi ọmọkùnrin tó gbé e títí ó fi rẹ̀ ẹ́, pé tí orúnkún kan bá ní ìṣòro ṣé ẹ máa yọ ìkejì, tí àìsàn bá di ti ọdún dé ọdún ṣé ẹ ó máa san lọ, owó àyẹ̀wò tí dókítà ń gbà kó tó fọwọ́ kan ajá ńkọ́, tí mo bá gbàgbé àjẹsára ọdún kan ńkọ́ (tí parvo, àrùn ìfun tó máa ń pa ọmọ ajá yẹn, bá lọ mú un nígbà tí àjẹsára ẹ̀ ò pé, wọn ò ní san, ẹ fi sọ́kàn). Mo ní kó fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì mi. Ó fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ irú ajá náà wà níbẹ̀ o, èmi ò ní ìṣòro ẹ̀ torí àmúlùmálà ni tèmi, owó ẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá onímú pẹlẹbẹ tí mímí ń nira fún, ajá ẹlẹ́yìn gígùn kúkúrú-ẹsẹ̀ tí egungun ẹ̀yìn máa ń dà láàmú, àwọn ńlá oníàyà jíjìn tí ikùn wọn lè wú kó lọ́ pọ̀, tó jẹ́ pé láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè pa á, àwọn wọ̀nyí, tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní gbé wọn sílé ọjọ́ kan láìtíì rà á.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di èèyàn burúkú. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, kò tíì bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ dúró. Ti ìjàǹbá kì í pẹ́, ọjọ́ díẹ̀ ni, ti àìsàn sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 14, ti orúnkún lè tó oṣù 6 lọ́dọ̀ àwọn kan. Ọjọ́ kẹsàn-án pé, Òwú bì lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, ìgbẹ́ ẹ̀ sì ṣàn. Mo dúró sójú ibẹ̀, mò ń ka ọjọ́ lórí ìka. Tí mo bá gbé e lọ báyìí, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì, ó di àìsàn tó ti wà nílẹ̀. Tí mo bá dúró títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún... Bàbá Ṣeun ti gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó ní, "O tún ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ẹ."

Kì í ṣe parvo, a dúpẹ́, kòkòrò inú ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì lóòótọ́, ọ̀rọ̀ inú Òwú wá di ohun tí wọn ò san fún ọdún kan gbáko, lẹ́yìn tí ọdún yẹn kọjá tí kò tún ṣe é mọ́, mo kọ̀wé, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti orúnkún ni wọn kì í sì í sábà yọ.

Látìgbà yẹn kí ni wọ́n ti san? Ara yíyún ni. Ìgbà tó di ọmọ ọdún méjì ló bẹ̀rẹ̀, ó ń lá ẹsẹ̀ títí irun ibẹ̀ fi pọ́n, etí ń rùn, ó ń fi ojú ra kápẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe nǹkan tó ń pa ajá, kì í sì í lọ, oògùn oṣooṣù ni títí ayé. Àbúrò mi ní ajá tó ní irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ìnṣọ́ránsì tiẹ̀ jẹ́ èyí tó máa ń san fún àìsàn kọ̀ọ̀kan fún oṣù 12 péré, nígbà tó pé ọdún kan wọ́n ní ó tó, kó máa bá a lọ fúnra ẹ̀. Òun náà ò mọ̀ pé irú ẹ̀ wà. Ní tiwa, iye tí wọ́n lè san máa ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn ló yọ wá.

Ibi tó ń ta kókó báyìí ni pé owó oṣooṣù ń gòkè. Òwú ti pé ọdún mẹ́fà, gbogbo ọdún ni wọ́n ń fi kún un, bí ajá ṣe ń dàgbà ni owó ń dàgbà. Mi ò sì lè kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, torí tí mo bá débẹ̀, ara yíyún yẹn ti di àìsàn tó ti wà nílẹ̀, wọn ò ní san kọ́bọ̀ lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó má wo ti ọdún yìí nìkan, kó béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ajá ọlọ́dún mẹ́wàá.

Jagun ti darúgbó, irùngbọ̀n ẹ̀ ti funfun, àkáǹtì ẹ̀ lòun ń jẹ, ó sì ti ná an dáadáa: eyín mẹ́ta tí wọ́n yọ, oògùn orúnkún, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ìwé Òwú ti ọdún tuntun dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún ti fi kún un. A jà lé e lórí díẹ̀. Mo gbé deductible sókè sí i kí ti oṣooṣù lè wálẹ̀, ìyàtọ̀ tó bá yọ níbẹ̀ ni mò ń jù sínú àkáǹtì Jagun, mo sì fọwọ́ sí i. Ó di ọdún tó ń bọ̀ ká tó tún jà.